Bí ẹ ṣe lè ya drágónì tó ń fò: ẹ bẹ̀rẹ̀ lára alángbá ẹ̀yìn ilé yín

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Iṣẹ́ àwa tí à ń ya àwòrán tó ń rìn ni pé kí ẹni tó ń wò ó mọ èyí tí inú ń run, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yíya kátúùnù nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé drágónì ni mẹ́jọ á kọ́kọ́ fẹ́ yà. Inú mi máa ń dùn sí i, torí èmi náà, drágónì ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí. Àmọ́ àwọn drágónì tí wọ́n ń gbé wá máa ń jọra bí ọmọ ìyá. Orí fóònù ni wọ́n ti wò wọ́n yà. Ìwo rẹ̀ ń dán, ìpẹ́ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ní kó fò, ńṣe ni yóò máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú ọ̀run bí ọ̀rá tí atẹ́gùn gbé. Kò wúwo. Kò ní eegun nínú.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣe níbí ni drágónì kan ṣoṣo, tí yóò fò wá, tí yóò bà sórí àpáta, tí yóò wo ọ̀tún wo òsì, tí yóò sì pọ iná lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ó kéré létí, àmọ́ ẹni tó bá ṣe é parí dáadáa ti mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ẹ má mú pẹ́ńsù, ẹ wo ẹranko

Mo mọ̀ pé ara yín ti wà lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi níbí, torí ibí ni iṣẹ́ wà.

Ẹ lọ jókòó síbi ògiri tí oòrùn ń pa láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹ wo akọ alángbá, èyí tí orí rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n, tí ara rẹ̀ sì dúdú bí aró. Tó bá ń rìn, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ló jọ ń gbéra, lẹ́yìn náà ni àwọn méjì yòókù. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í nà gbọọrọ, ó máa ń wọ́ bí odò, sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ bá mú ìyẹn nìkan, drágónì yín á rìn ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹ tún wo bó ṣe ń mi orí. Kì í mì ín déédéé bí aago. Á rọ̀ ọ́ kíá, á gbé e díẹ̀díẹ̀, á dúró, á tún rọ̀ ọ́. Bí akọ mìíràn tó lágbára jù ú lọ bá lé e, ẹ ó rí i tí àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, tí pupa orí yẹn á di bí ewé gbígbẹ. Ẹ̀rù ti hàn lára rẹ̀ nìyẹn. Drágónì yín lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú adìẹ kan. Ẹ gbé e sọ́wọ́ méjèèjì jẹ́jẹ́, kí ẹ máa gbé ara rẹ̀ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì. Orí rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ọrùn ló ń gba gbogbo ìrìn ara, kí ojú lè dúró sójú kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe èyí lọ́gbà ìyá mi, mo dúró níbẹ̀ pẹ́ títí tí màmá fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ pa á ni. Ẹ rántí adìẹ yìí, a máa tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àdán ńkọ́? Ẹ wá igi máńgòrò tó ti so ládùúgbò ní ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ ni apá àdán. Àtàńpàkò rẹ̀ wà lóde pẹ̀lú èékánná, ó fi ń di ẹ̀ka mú. Ìka mẹ́rin yòókù ló gùn gbọọrọ tí wọ́n na awọ bí igi inú agbòòrùn, awọ náà sì lọ títí dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wo àwòdì pẹ̀lú nígbà ọyẹ́, bó ṣe ń yí lókè láìju apá rárá, tó kàn ń tẹ ìrù sí apá kan láti yà. Ní ti òjòlá àti ọ̀nì, ẹ wò wọ́n nínú fídíò. Ẹ má wá wọn lọ sódò.

Báyìí náà ni àwọn tí iṣẹ́ wọn ti dé gbogbo ayé ń ṣe é. Àwọn tó ya drágónì dúdú inú fíìmù ilé-iṣẹ́ DreamWorks tó jáde ní 2010, ológbò àti ajá ni wọ́n ń wò fún ìwà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọdé fi ń wò ó bí ẹran ilé tí wọ́n fẹ́ràn.

Ẹ pinnu irú èyí tó máa jẹ́

Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ ni ti inú Bíbélì, Ìfihàn orí 12: pupa, orí méje, ìwo mẹ́wàá. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Orí méje túmọ̀ sí ọrùn méje tí yóò máa rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó sì sá kúrò nínú iṣẹ́ kí oṣù tó parí. Ti àwọn ará Ṣáínà gùn bí ejò, kò sábà ní ìyẹ́, omi àti òjò ló sì bá lọ ju iná lọ. Ti ilẹ̀ Yúróòpù pín sí méjì: èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ìyẹ́ méjì sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀, àti èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì péré, tí ọwọ́ rẹ̀ ti di ìyẹ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo máa ń fún àwọn ọmọ mi, mi ò sì ní yí i padà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn ní èjìká mẹ́rin, kò sì sí ẹranko eléegun kankan lágbègbè wa tí ẹ lè wò láti mọ ibi tí iṣan ìyẹ́ rẹ̀ máa so mọ́. Ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì, àdán ti ṣe é tán fún yín. Tó bá balẹ̀, á fi ọrùn ọwọ́ ìyẹ́ tẹlẹ̀ rìn, bí àdán gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó lẹ̀ ń yà. Síso ara ẹ̀dá kan mọ́ ti èkejì ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Àwọn agbẹ́nà eyín erin ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa, ti gbẹ́ ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di ẹja àrọ̀ sára ẹ̀gbà ọwọ́, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹ wo àwòrán irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá rí i. Ibi tí ènìyàn parí sí tí ẹja ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní rí ojú rírán níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọrùn òjòlá wọ inú àyà ọ̀nì lára drágónì yín.

Eegun kí ìpẹ́ tó dé

Ẹ fa ìlà kan tó wọ́, láti imú dé ìdí ìrù. Ìlà yẹn ni ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ gbé ìkòkò ńlá kan sí i fún àyà, ìkòkò kékeré fún ìbàdí, ẹyin adìẹ kan fún orí. Àyà gbọ́dọ̀ tóbi ju ìbàdí lọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni iṣan tó ń ju apá wà. Ẹ bi ẹni tó ti jẹ àyà adìẹ rí.

Fún ìyẹ́, ẹ wá agbòòrùn tó ti bàjẹ́. Ẹ ṣí i ní àṣítán, kí ẹ wo etí rẹ̀: láàárín igi kan sí èkejì, aṣọ náà kò ta gbọnrangandan, ó tẹ̀ wọ inú. Ẹ wá pa á dé ìlàjì. Aṣọ yẹn á rọ̀, á ká sí ara wọn láàárín igi. Awọ ìyẹ́ nìyẹn. Ẹ ya agbòòrùn yẹn ní ìgbà mẹ́wàá, ṣíṣí, àpadé díẹ̀, àpatán, kí ẹ tó ya ìyẹ́ kan. Ẹ má sì jù ú nù, a ó lò ó fún ohùn.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù: apá tó kéré ju ara lọ. Bí ẹ bá na ìyẹ́ kan, ó kéré tán kó gùn tó láti imú dé ìbàdí. Èyí tó bá kéré jù ú lọ, ojú ẹni tó ń wò ó kò ní gbà pé ó lè gbé e.

Awọ ara rẹ̀

Àwa ará Ondó ní ànfààní kan níbí. Ẹ mú èso kòkó kan. Ẹ wo ojú àlà tó lọ láti ìdí dé orí rẹ̀, àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà láàárín, bí àwọ̀ ewé ṣe ń di pupa rúsúrúsú ní ẹ̀gbẹ́ kan tí èkejì ṣì tutù. Mi ò tíì rí awọ ọrùn drágónì tó dára ju ìyẹn lọ. Ọmọ kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ fi èso kòkó ya ìwo, odindi yàrá dákẹ́ nígbà tó gbé e sílẹ̀.

Fún ìpẹ́, ẹ ra ẹja tútù onípẹ̀ẹ́ kan l'Ọ́jà Ọba. Ìpẹ́ tò bí páànù òrùlé: ìlà kan gun èkejì, ìpẹ́ ìsàlẹ̀ sì bọ́ sí àárín méjì tòkè. Ẹ má yà gbogbo rẹ̀ o. Ẹ yà á síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé òjìji: èjìká, ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ìdí ìrù. Níbi tó kù, ojú fúnra rẹ̀ á parí i. Ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yà lónìí, ẹ ó tún un yà nínú gbogbo àwòrán tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun èlò

Ẹni tí kò ní ju fóònù Android lọ, áàpù ìyàwòrán FlipaClip á tó o bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, kó gbé Krita sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní ibi tí a ti ń ṣe àwòrán tó ń rìn. Blender náà wà, ọ̀fẹ́ ni láti 2002 tí wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Òun ni wọ́n fi ṣe fíìmù ológbò kan láti Latvia tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù kátúùnù ní 2025. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta sọfitíwíà olówó gọbọi fún yín kí ẹ tó mọ iṣẹ́.

Ẹni tí kò ní èyíkéyìí nínú wọn ńkọ́? Ọ̀nà tí èmi gbà bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ jẹ́ dígí, kí ẹ fi gílóòbù LED kan sínú rẹ̀. Ẹ gbé bébà A4 lé e, bébà tó wà lábẹ́ á hàn. Wàhálà tó kù ni pé bébà kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ fi pọ́ńṣì ọ́fíìsì lu ihò méjì sí etí bébà kọ̀ọ̀kan. Ihò pọ́ńṣì fẹ̀ tó mìlímítà 6, wọ́n sì jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìpààrọ̀ ọkọ̀ ní Arákàlẹ̀, kí ẹ ra bóòtù nọ́mbà 10 méjì, ìyẹn èyí tí sípánà 10 ń tú. Ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 6 gẹ́lẹ́. Ẹ gbé wọn sórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 8, kí ẹ kàn án mọ́ etí dígí. Bébà yín kò ní yẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá yà á tán, ẹ fi fóònù ya fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn lápótí lápótí

Ẹ fa àpótí márùn-ún sórí bébà kan, kí ẹ ya ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sínú wọn, láìṣe ẹwà. Ti wa: òjìji ńlá kan gba orí àpáta kọjá, drágónì fúnra rẹ̀ fò wọlé, ó balẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mi orí, ó pọ iná. Mo fẹ́ kí òjìji ṣáájú, torí àyà ẹni tó ń wò ó ti máa já kó tó rí i.

Ẹ wá ka àwòrán. Fíìmù sinimá ń lo férémù (ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan tí fíìmù ń fi hàn) 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ láti ayébáyé ni àwọn ayàwòrán ti ń jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún férémù méjì, ìyẹn àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwa náà á lo 12. Fífò gba ìṣẹ́jú àáyá 5, ìyẹn 60, àmọ́ àwòrán 12 kan náà ló ń yí po nígbà márùn-ún. Bíbalẹ̀ gba 12. Wíwò àti mímì orí gba 16. Iná gba 32. Àpapọ̀ 120 lójú òǹwòran, 72 péré ní ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ya 6 lálẹ́ kan, ọjọ́ 12.

Fífò

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Nínú Krita, ẹ ṣí bébà tuntun tó jẹ́ 1920 sí 1080, ẹ yan Animation níbi Workspace, kí ẹ fi férémù sí 12. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, ẹ fi 1280 sí 720 ya èyí àkọ́kọ́, torí Krita ń kó gbogbo àwòrán yẹn sínú RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà. Ẹ tan onion skin, kí àwòrán tó ṣáájú lè máa hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ èyí tí ẹ ń yà.

Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́lé, òpó ló ń kọ́kọ́ rì. Àwòrán méjì ni òpó wa: nọ́mbà 1, apá wà lókè téńté, nọ́mbà 8, apá ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ya àwọn méjèèjì yìí dáadáa kí ẹ tó ya ohun tó wà láàárín. Láti 1 dé 8 ni ìjùsílẹ̀, láti 9 dé 12 ni ìgbésókè, lẹ́yìn rẹ̀ a padà sí 1. Ẹ rí i pé ìjùsílẹ̀ gba àkókò ju ìgbésókè lọ. Èmi ni mo yàn án bẹ́ẹ̀, torí nígbà tí apá ń lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tì, afẹ́fẹ́ sì ń bá a jà. Nígbà tó bá ń gòkè, ó ti ká, kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

Ní ìjùsílẹ̀, awọ nà tán bí agbòòrùn àṣítán. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣáájú, orí ìka sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, nítorí náà orí ìyẹ́ á tẹ̀ sókè. Ní ìgbésókè, ọrùn ọwọ́ náà ló tún ń ṣáájú, àmọ́ ìka ti ká wọ ara, awọ ti rọ̀, orí ìyẹ́ ń fà wálẹ̀ bí etí agbádá. Bí apá yín bá ń lọ sókè sódò ní títò gbọọrọ bí pátákó, ẹ padà síbí.

Ohun tó ń fún un ní ìwúwo nìyí, ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n: ara kò gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Nígbà tí apá bá ń tì sísàlẹ̀, ara ń gòkè. Nígbà tí apá bá ń gòkè, ara ń rọ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, ní àwòrán 1 ara wà nísàlẹ̀ jù, ní àwòrán 8 ó wà lókè jù. Ìbú àtàńpàkò kan lórí bébà ti tó. Ẹ wá rántí adìẹ màmá mi. Ara ń lọ sókè sódò, àmọ́ orí dúró, ojú tẹjú mọ́ ohun tó ń lépa. Ọrùn ló ń nà tó ń ká láti gba gbogbo rẹ̀. Ìrù ní tirẹ̀ kì í tètè gbọ́ ìròyìn: bí ara bá gòkè ní àwòrán 8, ìdí ìrù á gòkè ní 9, àárín rẹ̀ ní 10, ẹnu rẹ̀ ní 11 tàbí 12.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rìn. Bí ó bá dàbí ẹyẹlé, ó yára jù. Ohun tó tóbi kì í ju apá kíákíá. Ìjùpá kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan tọ́ fún drágónì tó tó ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá fẹ́ kó tó òkè, ẹ sọ ọ́ di àwòrán 24.

Fún òjìji, ẹ má ya nǹkan tuntun. Ẹ kọ àwòrán 12 yẹn sí ìpele (layer) mìíràn, ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ sọ ọ́ di fẹ́ẹ́rẹ́, kó máa sáré lórí àpáta fún ìṣẹ́jú àáyá méjì àkọ́kọ́ nínú márùn-ún ti fífò, kí drágónì tó yọ.

Ní bíbalẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, apá ṣí gbàràgàdà láti mú eré rẹ̀ rọlẹ̀. Ara á rì ju ibi tó máa dúró sí lọ, orúnkún á tẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó gbéra díẹ̀. Eruku á sọ ní àwòrán kan lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti kanlẹ̀, kì í ṣe pọ̀ mọ́ ọn.

Iná

Bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ má jẹ́ kí drágónì kàn lanu kí iná bọ́. Báyìí ni kí ẹ pín àwòrán 32 rẹ̀. Àwòrán 6: ọrùn fà sẹ́yìn, àyà wú, ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ láti inú wá. Àwòrán 4: ó dúró, kìkì ojú ló ń dín. Àwòrán 2: ẹnu ṣí. Àwòrán 14: iná. Àwòrán 6: ẹnu padé, èéfín díẹ̀ gba ihò imú. Ìdúró àwòrán mẹ́rin yẹn ló ń dẹ́rù bani, ẹ má yọ ọ́ kúrò.

A kì í fi òpó ya iná. Iná kì í padà síbi tó ti wà rí. Ẹ yà á ní títẹ̀lé, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, láìmọ ibi tó máa dé. Kí ẹ tó yà á, ẹ lọ wo alágbẹ̀dẹ tó ń fi ẹwìrì fẹ́ná, tàbí ààrò tí wọ́n ti ń yan gààrí. Ní ìdí, iná tín-ín-rín, ó funfun, ó sì ń dán. Bó ṣe ń jìnnà ló ń fẹ̀, tó ń di pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ á já, èyí tó já á léfòó lọ fúnra rẹ̀, á kéré, á di èéfín. Ẹ jẹ́ kí ahọ́n iná kọ̀ọ̀kan lo àwòrán mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó já. Kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kan àgbọ̀n, àyà àti àpáta. Iná tí kò tan ìmọ́lẹ̀ sára nǹkan, sítíkà ni.

Àpáta Ìdànrè

Ẹ lè gbé e sórí òkè èyíkéyìí, àmọ́ Òkè Ìdànrè wà nítòsí wa, mi ò sì mọ ibi tó yẹ drágónì tó o. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ gun àtẹ̀gùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún yẹn dé orí, kí ẹ ya àpáta náà lójú ibẹ̀. Kì í ṣe òkè ṣóńṣó bí èyí tó wà nínú fíìmù. Ó rọ̀bọ̀tọ̀, ó dán, omi òjò ti fa ìlà dúdú láti orí rẹ̀ wá sílẹ̀.

Ẹ pín in sí ìpele mẹ́ta: òkè ọ̀nà jíjìn ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà ọyẹ́, òkè àárín, àti àpáta ìbàlẹ̀. Bí drágónì bá ń fò, ẹ máa sún ti iwájú ní píksẹ́lì 12 fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, ti àárín 4, ti ẹ̀yìn 1. Ojú á gbà pé ọ̀nà jìn. Ẹ fi àwọn òrùlé páànù kéékèèké sí ìsàlẹ̀, kí a lè mọ bó ti tóbi tó.

Ohùn

Aago márùn-ún ìdájí ni kí ẹ gba ohùn sílẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí agbòòrùn àtijọ́ yẹn kíákíá nítòsí fóònù: ìyẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kó wúwo, ẹ fi tapólìn tí ẹni méjì dì mú kún un. Ìrèké tí ẹ ṣẹ́ ni eegun tó ń dún nígbà tó balẹ̀. Ohùn ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Ẹ gba ohùn ewúrẹ́. Nínú Audacity, sọfitíwíà ohùn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ dín eré rẹ̀ kù sí ìlàjì. Ohùn náà á wálẹ̀ ní odidi ọ́kítéèfù kan, á sì gùn ní ìlọ́po méjì. Ẹ fi ti màlúù tí ẹ ṣe bákan náà sábẹ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nínú òkùnkùn, èmi tí mo ṣe é gan-an tanná.

Kí iná tó lọ, kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Mo ti pàdánù àwòrán 80 rí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ibi kan ṣoṣo ni mo kó wọn sí, ohun tí mo kó wọn sí sì kọ̀ láti ṣí. Mi ò lè yà wọ́n padà, torí ọwọ́ tó yà wọ́n nígbà yẹn kọ́ ló kù fún mi. Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú S lẹ́yìn gbogbo àwòrán kan. Lálaalẹ́, ẹ kó iṣẹ́ náà sí ibi méjì, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.

Tí ẹ bá parí, ẹ lọ síbi File, ẹ tẹ Render Animation, ẹ yan fídíò. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó má baà fún un pọ̀ tí iná yín á di àbàwọ́n.

Àmọ́ kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ẹ má sì ṣàlàyé. Mo fi tèmi tó kẹ́yìn han ọmọbìnrin kékeré kan ládùúgbò wa. Nígbà tó dé ibi tí drágónì ti ń mi orí, níbi tí mo ti rò pé mo ya ìbínú, ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé oorun ń kùn ún ni?" Mo padà wo àwòrán mi. Mo ti jẹ́ kí orí náà rọ̀ láàárín àwòrán mẹ́rin, kó gbéra láàárín mẹ́rin, dọ́gbadọ́gba, bí ẹni tó ń tòògbé. Alángbá ògiri kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Mo pa á rẹ́, mo jẹ́ kó rọ̀ láàárín àwòrán méjì, kó gbéra láàárín mẹ́fà, mo sì fi ìlà òjìji kan kún abẹ́ ojú rẹ̀. Nígbà tí mo tún fi hàn án ní ọjọ́ kejì, kò sọ nǹkan kan. Ó rọra fi ọwọ́ ti fóònù náà sẹ́yìn, kó jìnnà sí òun díẹ̀.